Etí Ni Mo Fi Ń Ya Fídíò

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé kámẹ́rà wo ni kí àwọn rà. Wọ́n ti rí i pé mò ń ya àwọn ìyá aládìrẹ ní Abẹ́òkúta, mo sì ń gbé e sórí YouTube. Àwọn náà fẹ́ ya ìyá wọn, ọjà ìlú wọn, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tí bàbá wọn ń ṣe. Inú mi máa ń dùn sí wọn gan-an, ṣùgbọ́n n kì í dárúkọ kámẹ́rà kankan fún wọn. Èmi náà á bi wọ́n pé: ta ni ẹ fẹ́ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀? Ẹni tó bá ti lè dáhùn ìyẹn ti rí ibi tó máa gbà wọ iṣẹ́. Fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á ṣe é.

Fídíò tó kọ́kọ́ wọ orí YouTube, ìṣẹ́jú-àáyá 19 péré ni. Ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2005 ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Jawed Karim, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó dá YouTube sílẹ̀, ló dúró síwájú àwọn erin nínú ọgbà ẹranko San Diego ní Amẹ́ríkà, tó ń sọ̀rọ̀ nípa bí ọwọ́jà wọn ṣe gùn tó. Kò sí orin níbẹ̀, wọn ò tan iná kankan sí i lójú. Síbẹ̀ a gbọ́ ohun tó sọ. Mo máa ń tọ́ka sí fídíò yẹn fún àwọn tó bá ń wá kámẹ́rà olówó ńlá. N kò ní kí wọ́n lọ fara wé e. Mo kàn fẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀ pé èèyàn ò ní láti dúró de owó kó tó bẹ̀rẹ̀.

Tí owó díẹ̀ bá wá wà, ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an lé lórí. Ẹni tó ń wo fídíò á fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní í jókòó ti ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́. Tiwa tún wá le ju ti ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn lọ, torí pé èdè wa, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló gbé e ró. Tí ariwo jẹnẹrétọ̀ bá ti gbé ohùn yẹn mì, ọ̀rọ̀ náà gan-an ti lọ nìyẹn, kódà bí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá hàn kedere.

Ẹni tó bá mọ Ìtòkú, ọjà adìrẹ ní Abẹ́òkúta, mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀kadà ń fọn fèrè, ẹ̀rọ ń lọ ata, gbohùngbohùn ń pariwo láti òkè ilé, àwọn oníbàárà ń ná aṣọ, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Láàárín gbogbo ìyẹn ni màmá tí ẹ wá yà ti fẹ́ sọ ìtàn ọgọ́ta ọdún fún yín ní ohùn jẹ́jẹ́. Nítorí náà, kí n tó yọ fóònù lápò níbikíbi, mo máa ń dúró, mo ń di ojú, mo ń tẹ́tí. Ariwo ti mọ́ etí wa lára débi pé a kì í gbọ́ ọ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ èyí tó yẹ kó fojú fò. Ohun tí mo bá gbọ́ nígbà tí mo di ojú ni màá wá nǹkan ṣe sí. Nígbà mìíràn, kí a bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé ti tó. Nígbà mìíràn, màá lọ kí aládùúgbò, màá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa pa jẹnẹrétọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọn kì í sábà kọ̀ tí a bá kí wọn dáadáa, tí a sì sọ ẹni tí a wá yà fún wọn. Àárọ̀ kùtù ló dára jù: ọjà ò tíì kún, oòrùn ò tíì mú, ara àwọn àgbà sì ṣì fúyẹ́.

Máíkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ dára púpọ̀, kò sì wọ́n mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí, ẹ wá fóònù kejì. Ẹ tan ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, lábẹ́ aṣọ tàbí lórí àpótí tó wà níwájú rẹ̀, kí ẹ sì fi ti àkọ́kọ́ ya àwòrán láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tan méjèèjì, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú kámẹ́rà. Tí ẹ bá délé, ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti kanra nínú àwòrán àti ibi tí ohùn ti dún “pá” ni ẹ máa fi so wọ́n pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nídìí fíìmù láti ayé bàbá wa nìyẹn, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Tí fóònù bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ sún mọ́ ẹni náà débi tí ọwọ́ yín lè tó o. Ẹ gba ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi earpiece gbọ́ ọ padà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, torí pé ẹnu fóònù fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí a gbọ́ àléébù.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gba ohùn agbo ilé náà sílẹ̀ fún bíi ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Adìẹ, omi tó ń kán, ìró igi tí wọ́n fi ń lu aṣọ lókèèrè. Tí ẹ bá gé ọ̀rọ̀ níbì kan nígbà tí ẹ ń tún fídíò ṣe, ohùn agbo ilé yẹn ni ẹ máa tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní í mọ̀ pé ẹ gé nǹkan.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ló kàn, ibi tí mo sì ti ní ẹ̀dùn ọkàn nìyí. Nínú adìrẹ ẹlẹ́kọ, láfún ni wọ́n ń sè bí ẹ̀kọ, tí wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù sí. Wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà pẹ̀lú rẹ̀ sára aṣọ funfun, tàbí kí wọ́n tẹ́ páànù tí wọ́n ti gé ọnà sí lára lé aṣọ náà, kí wọ́n sì fi ẹ̀kọ ra ojú rẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní í wọ ibẹ̀. Tí ó bá gbẹ, ó di inú ìkòkò aró èlú. Tí wọ́n bá wá fa aṣọ náà yọ, kì í yọ ní àwọ̀ aró o. Ó máa ń yọ ní àwọ̀ ewéko, kí atẹ́gùn tó fẹ́ sí i, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú wa, títí yóò fi di búlúù. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún fà á yọ, ní àìmọye ìgbà, kí ó tó dú bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ.

Mo ti wo fídíò adìrẹ púpọ̀ lórí ayélujára tí wọ́n ti gé ibí yìí dànù. Aṣọ wọ inú ìkòkò, ìgbà tí a ó tún rí i, ó ti wà lórí okùn, ó ti gbẹ. Ó máa ń dùn mí. Fọ́tò ò lè fi ìyípadà yẹn hàn wá, ìwé á kàn ròyìn rẹ̀ ni, fídíò nìkan ló lè jẹ́ kí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, òun gan-an la sì sọ nù. Ẹni tó yà á rò pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lásìkò yẹn, torí pé ọwọ́ màmá dúró, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kò mọ iṣẹ́ náà tó ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ya iṣẹ́ ọwọ́ kan pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ jókòó tì í láìmú fóònù jáde. Ẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ bi wọ́n pé ibo ni iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, torí ibi tí iṣẹ́ ti lè bàjẹ́ ni ojú oníṣẹ́ máa ń wà jù, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ojú kámẹ́rà wà. Nídìí irin, ìgbà tí ó pọ́n dé ibi tí alágbẹ̀dẹ ń fẹ́. Nígbà tí ẹ bá wá padà lọ pẹ̀lú fóònù, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó dúró sí kí nǹkan náà tó dé.

Fún aṣọ tó ń yí àwọ̀ padà, mo máa ń gbé fóònù lé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n tó fà á yọ, màá sì fi ìka tẹ ojú ibi tí aṣọ máa wà lórí fóònù, màá tẹ̀ ẹ́ pẹ́ títí yóò fi ti ìmọ́lẹ̀ mọ́ ojú kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù á máa tún ìmọ́lẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, a ò sì ní í mọ èyí tí aró ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ ṣe. Ẹ̀rọ kan náà yìí ló ń fi ìyà jẹ awọ ara wa. Tí màmá bá dúró sẹ́nu ọ̀nà tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, fóònù á mú oòrùn, á sì sọ ojú màmá di òkùnkùn biribiri. Ẹ yí wọn sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, lábẹ́ ìbòòji, kí ẹ fi ìka tẹ ojú wọn lórí fóònù. Ojú àgbàlagbà ní ìtàn lára, ó yẹ kí a rí i.

Àwọn tó kù ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ nu ojú kámẹ́rà, epo ọwọ́ wa ló ń sọ ọ́ di kùrukùru. Ẹ má fi ìka fa àwòrán sún mọ́ra, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Ẹ má máa fi fóònù gbá káàkiri, ẹ mú un dúró lójú kan kí ẹ kà dé mẹ́wàá nínú. Ẹ ya ọwọ́, ẹ ya ojú, ẹ ya agbo ilé lápapọ̀. Ní ti kí fóònù dúró lóòró tàbí kó dùbúlẹ̀, TikTok àti WhatsApp fẹ́ ìdúró, YouTube fẹ́ ìdùbúlẹ̀. Èmi máa ń mú un dùbúlẹ̀ nídìí adìrẹ, torí pé ọwọ́ méjì tó ta aṣọ kò lè wọ inú àwòrán tóóró. Ẹ ti pinnu kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì pa méjèèjì pọ̀ mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ohùn, torí ọ̀nà kan wà tí àṣà wa fi máa ń bá ẹ̀rọ jà. Tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa á máa dáhùn: hẹn, ẹn-hẹn, bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó dára nílé, ṣùgbọ́n ẹni tó sún mọ́ máíkì jù ni ẹni tó ń ya fídíò, ẹn-hẹn rẹ̀ á sì bo ọ̀rọ̀ màmá mọ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ṣàlàyé fún wọn pé, “Màmá, ẹ má bínú o, orí ni màá máa mì, n kò ní í dáhùn síta.” Ìyá kan ní Ìtòkú wò mí, wọ́n ní, “Tí o ò bá dá mi lóhùn, ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Kò sí ẹni tó lè bá irin àti dígí ròyìn ayé rẹ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń bẹ ìyàwó ilé tàbí ọmọbìnrin wọn kan pé kó jókòó sí ọ̀kánkán wọn, ní ẹ̀yìn kámẹ́rà, jìnnà díẹ̀ sí máíkì. Òun lá máa dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́, òun ni màmá á máa wò. Ìyàtọ̀ tó máa ń ṣe kọjá ohun tí máíkì olówó ńlá lè ṣe. Ọ̀rọ̀ á máa ṣàn. Wọ́n á rántí orúkọ àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ìkíni ló ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ẹ má wọlé ti fóònù ti fóònù. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín pé ọmọ ta ni yín, kí ẹ sì dáhùn tọkàntọkàn. Ẹ fi fóònù sí airplane mode kí ìpè má baà já ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ìbéèrè tó dára ni èyí tí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ò lè dáhùn: ta ló kọ́ yín, kí ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí ẹ máa ṣe nígbà tí ẹ débẹ̀? Tí wọ́n bá dáhùn tán, ẹ má tètè bi wọ́n ní òmíràn. Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Àgbà máa ń mí kanlẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ Ẹ̀gbá wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, tàbí Ìjẹ̀ṣà, tàbí Oǹdó. A ò nílò kí màmá ẹni máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò.

Ní ti àtúntò fídíò, CapCut tàbí InShot orí fóònù ti tó o. Ẹ gé ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ ti ń gbọ̀n fóònù, ẹ gé òpin tí ẹ ti ń wá ibi tí ẹ ó tẹ̀. Ẹ má fi orin sábẹ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Mo mọ̀ pé orin ń dùn, ṣùgbọ́n ó ń bá ohùn wọn du àyè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, orin olórin ni. Láti ọdún 2007 ni YouTube ti ní ètò tí wọ́n ń pè ní Content ID, tó ń gbọ́ gbogbo fídíò tí a bá gbé wá tó sì ń fi wé orin àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó ni orin lè ní kí wọ́n ti fídíò yín pa, tàbí kí owó tó bá wọlé lórí rẹ̀ máa lọ sápò òun. Kódà rédíò tó ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn yín lè fa èyí, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa á ṣáájú.

Tí a bá wá fẹ́ pín in, WhatsApp ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹbí jù, òun náà ló sì ń fún fídíò pa jù. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí a ṣe ń fi fídíò ránṣẹ́ lásán, á dé ọ̀hún ní àwòrán tó ti ṣá. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, á dé gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde, ṣùgbọ́n dátà tó máa jẹ pọ̀, kí ẹ rò ó fún ẹni tó máa gbà á náà. Lórí YouTube, ẹni tí kò tíì fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ jẹ́rìí ara rẹ̀ kò lè gbé ju ìṣẹ́jú 15 lọ, ẹ ṣe ìyẹn lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i. Ẹ kọ àkọlé pẹ̀lú àmì ohùn, àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá wà nínú Gboard. Nínú àlàyé ìsàlẹ̀, kí ẹ tún un kọ láìsí àmì, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa wá a. Ẹ dárúkọ ìlú, àdúgbò àti iṣẹ́ náà. Ẹ wá àyè kọ ọ̀rọ̀ màmá sí ìsàlẹ̀ fídíò ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ó gba àkókò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Houston àti Peckham wà tí wọ́n ń gbọ́ èdè díẹ̀díẹ̀ tí wọn ò lè sọ ọ́, àwọn gan-an ló máa ń wò ó léraléra.

Ní ti owó, YouTube máa ń fẹ́ kí èèyàn ní ọmọlẹ́yìn 1,000 àti wákàtí 4,000 tí àwọn èèyàn fi wò ó láàárín ọdún kan kí owó ìpolówó tó lè máa wọlé. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìyẹn ṣe àfojúsùn láti ìbẹ̀rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gé ibi tí aṣọ ti ń yí padà.

Ohun tó ń ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni àṣẹ. Ọ̀pọ̀ àgbà máa ń ní, “Yà á, kò burú,” láìmọ ibi tí fídíò náà ń lọ. Ìyẹn kọ́ ni àṣẹ. Nàìjíríà ti ní òfin tó dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2023, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ti wà nílẹ̀ kí òfin tó dé. Mo máa ń gbé fídíò sórí YouTube ní ipò unlisted, tí ẹni tí kò ní ìjápọ̀ rẹ̀ ò ní í rí i, màá sì padà lọ fi han màmá fúnra wọn, pẹ̀lú ọmọ wọn kan níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń mọ ohun tí wọ́n ń gbà. Màmá kan wo tiwọn tán, wọ́n ní kí n yọ ibi tí wọ́n ti ń bu kọ́síìkì sódà àti àwọn èròjà ìgbàlódé yòókù sínú omi. Ìdí méjì ni wọ́n sọ. Àkọ́kọ́, ìwọ̀n tí wọ́n ń bù ni iṣẹ́ wọn, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ló tọ́ sí. Èkejì, kọ́síìkì ń jó èèyàn lára, wọn ò fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn rí i kó lọ dán an wò láìwọ ìbọ̀wọ́. Mo yọ ọ́ lójú wọn, níbi tí a jókòó sí.

Lórí ọnà ara aṣọ náà, ẹ bi wọ́n léèrè. Ó ti pẹ́ tí àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ti ń ké lórí aṣọ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ bí adìrẹ ní Ṣáínà, tí wọ́n ń kó wọlé, tí wọ́n sì ń tà ní ẹ̀dínwó. Ẹni tó ń wá ọnà tuntun tó máa jí lè wà lára àwọn tó ń wo fídíò yín. Àwọn kan á ní kò sí wàhálà, ẹ yà á. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ ya aṣọ láti ọ̀nà jíjìn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láìjiyàn. Tí owó bá sì wọlé lórí rẹ̀, ẹ mú ti màmá lọ fún wọn.

Ẹ má fi YouTube ṣe àká. Wọ́n lè ti ojú ìwé yín pa, ẹ lè gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, fóònù lè bọ́ sómi. Fídíò ìṣẹ́jú kan ní 1080p lè gba 60 sí 130 MB lórí fóònù mìíràn, kò sì pẹ́ tí fóònù fi máa ń kún, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa ojúlówó rẹ́, tí wọ́n á wá fi èyí tí WhatsApp ti fún pa sílẹ̀. Mo máa ń kó ojúlówó sínú hard disk méjì, ọ̀kan ò sí nílé mi. Ẹ̀dà kẹta máa ń wọ inú mẹ́mórì káàdì, ó sì máa ń lọ sọ́wọ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ màmá tó mọ fóònù lò jù. Orúkọ màmá, orúkọ agbo ilé, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti ọjọ́ tí a yà á ni mo fi ń sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá ṣí i lẹ́yìn wa má baà máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé ta nìyí.